Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: gígé orí ata rodo àti ẹfinrin, àti sísọ igi ewúro kan di púpọ̀

Ẹ̀yìnkùlé_Wa: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ inú ilé. Ata rodo wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20 lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti ga tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ṣùgbọ́n ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì pẹ̀ka. Ẹfinrin ti yọ òdòdó jìnnà. Ewúro, igi kan ṣoṣo ni, mo sì fẹ́ kó di mẹ́wàá. Ṣé kí n gé orí gbogbo wọn ni? Ibo gan-an ni kí n gbé abẹ sí?

Bàbá_Aláta: Ẹ má fọwọ́ kan náà mú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orí igi ló ń rán èròjà auxin wá sísàlẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí àwọn ojú ẹ̀gbẹ́ rúwé. Ẹ gé orí kúrò, àwọn ojú tó sún mọ́ ibi ọgbẹ́ á jí. Ata rodo tó ti ní ewé 6 sí 8, tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ló yẹ kí ẹ gé lórí. Ẹ gé e ní ìdajì sẹ̀ǹtímítà sókè oríkèé, ìyẹn ibi tí ewé ti yọ lára igi. Bí abẹ bá wọ inú oríkèé, ojú tí ẹ ń retí ni ẹ gé dànù yẹn. Èso àkọ́kọ́ á fi bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 pẹ́ sí i.

Àmọ́ tiyín yẹn, oòrùn ló ń wá. Ẹ kọ́kọ́ gbé e síbi tí oòrùn ti ń ràn fún wákàtí 6 ó kéré tán. Díẹ̀díẹ̀ o, bí ọ̀sẹ̀ kan gbáko: oòrùn òjijì á jó ewé tó ti mọ́ òjìji lára.

Ọmọ_Olóko: Mi ò fara mọ́ gígé orí rodo tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló máa ń yà sí méjì níbi tí òdòdó àkọ́kọ́ ti yọ. Èyí tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, títẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀sán ni kí ẹ ṣe é, kí ẹ tó bomi rin ín, torí igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi yó tètè máa ń ṣẹ́. Ẹ lu ihò sí etí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ fi àkísà tó fẹ̀ tó ìka kan so ẹ̀ka mọ́ ọn, kí ẹ sì fà á sísàlẹ̀ díẹ̀ sí i ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ má lo wáyà. Bí igi ṣe ń sanra ni wáyà á máa gé e lára. Bí ẹ̀ka bá sán láìjá, ẹ fi téèpù dì í lójú ẹsẹ̀, yóò jiná.

Ìyá_Ẹlẹ́wé: Ẹfinrin ló rọrùn jù. Méjì-méjì ni ewé rẹ̀ ń dojú kọra, torí náà níbi tí ẹ bá ti gé, ẹ̀ka méjì ló ń yọ. Ẹ ká gbogbo òdòdó kúrò pẹ̀lú ìpele ewé méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe gé e dé ibi tí igi ti dúdú tí kò léwé mọ́. Ibẹ̀ kì í tètè rúwé.

Àwọn ọ̀mùnú tí kò lódòdó, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ wọn, kí ẹ sì kì wọ́n sínú ife omi. Ẹ máa pààrọ̀ omi ní ọjọ́ méjì-méjì. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14, wọ́n á ta gbòǹgbò. Tí gbòǹgbò bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 3, ẹ gbìn ín. Èyí tó bá pẹ́ jù nínú omi, gbòǹgbò rẹ̀ máa ń já nígbà tí ẹ bá ń gbìn ín.

Ọmọ_Olóko: Ewúro, igi tó ti gbó ni kí ẹ gé, tó nípọn tó ìka, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30. Ẹ gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní dídagun, ẹ gé òkè rẹ̀ ní títẹ́jú, kí ẹ má baà fi orí rẹ̀ sọlẹ̀. Ẹ dá a tẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gbìn ín, bí ìwọ̀n dígírì 45, kí oríkèé méjì tàbí mẹ́ta wọlẹ̀: ẹ̀ka rẹ̀ á pọ̀ ju ti èyí tó dúró ṣánṣán lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló dára jù. Bí ewé bá yọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á wò! Oúnjẹ tó wà nínú igi ló fi ń rúwé, gbòǹgbò lè máà tíì sí níbẹ̀ rárá.

Ẹ̀yìnkùlé_Wa: Ẹ ṣeun gan-an. Ata rodo ńkọ́, ṣé a lè gé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn bẹ́ẹ̀?

Bàbá_Aláta: A lè gé e, ṣùgbọ́n irúgbìn ni mo máa fi síwájú. Ẹ gé ẹ̀ka nìkan bí igi kan bá so ata tó wù yín gidi, torí rodo máa ń gba lẹ́bú (ìyẹ̀fun inú òdòdó) ata mìíràn tó wà nítòsí, ọmọ rẹ̀ sì lè má jọ ọ́. Ẹ mú ẹ̀ka sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12 tí kò lódòdó, ẹ gé e lábẹ́ oríkèé, ẹ fi ewé 3 sílẹ̀ lókè, kí ẹ sì gé ewé ńlá sí ìdajì. Yanrìn odò àti ilẹ̀dú ọgbọọgba ni kí ẹ kì í sí. Ẹ fi ọ̀rá funfun bò ó lábẹ́ òjìji. Nínú oòrùn, ṣe ló máa bọ̀ sínú ọ̀rá yẹn. Ẹ máa ṣí i díẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ló ń gbà. Èyí tí ìdí rẹ̀ bá dúdú ti jẹrà, omi ló pọ̀ jù, ẹ fà á tu.

Igi tí ewé rẹ̀ ń ká jọ tàbí tó ní àbàwọ́n yẹ́lò, ẹ má gé ẹ̀ka kankan lára rẹ̀: fáírọ́ọ̀sì ara ìyá á bá ọmọ lọ. Láàárín igi kan sí èkejì, ẹ fi sípírítì nu abẹ. Ẹni tó bá sì fọwọ́ kan tábà, kó fi ọṣẹ fọwọ́ dáadáa kó tó fọwọ́ kan ata, torí àrùn tábà lè ti ọwọ́ ràn án.