Stationary àbí stationery: èwo ni kí n kọ sí pátákó?

Ìyá Ìbejì, Kubwa: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù kékeré gbà. Ìwé ọmọ iléèwé, bírò àti éńfílóòpù ni mo fẹ́ máa tà. Ẹni tó ń kun pátákó bi mí pé "stationary" ni àbí "stationery". Mo wojú ẹ̀, òun náà wojú mi. Ẹ gbà mí.

Ẹ̀gbọ́n Nyanya: Ẹ kú oríire ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó ní "e" lẹ fẹ́. Ohun tó dúró sójú kan tí kò mira ló ń jẹ́ èyí tó ní "a". Ọkọ̀ Nyanya láàárọ̀ Mọ́ńdè, "a" pọ́ńbélé ni!

Bàbá Tíṣà, Gwagwalada: Òótọ́ ni. Ẹnu ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ojú ló ń yà wọ́n. Ọmọ ìyá kan náà sì ni wọ́n. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ń kiri ọjà. Ẹni tó bá ń ta ìwé lójú kan, tí kì í kiri, ni wọ́n ń pè ní stationer. Onísọ̀ ni, lédè tiwa. Ẹgbẹ́ wọn ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1403, ààfin sì fún wọn níwèé àṣẹ ní 1557. Ọjà onísọ̀ yẹn ló di stationery: ẹ kọ stationer, kí ẹ fi "y" sí i. Ohun tí mo ń sọ fáwọn ọmọ kíláàsì mi ni pé "a" bíi ti adúró, "e" bíi ti ìwé.

Àbúrò Lugbe: Ẹ ṣeun, bàbá. Mo ti jẹ̀yà ẹ̀ rí. Mo kọ kòtésọ̀n lọ sí ọ́fíìsì kan pé mo fẹ́ kó "office stationary" wá. Ọ̀gá fi bírò pupa yí i po, ó ní ṣé ògiri ni mo fẹ́ tà fáwọn ni. Kọ̀ǹpútà ò sì bá mi fàlà sábẹ́ ẹ̀ o, torí ọ̀rọ̀ gidi ni méjèèjì. Ìyá Ìbejì, bí ẹ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Owó ọ̀tọ̀ ni àtúnṣe orúkọ.

Ìyá Ìbejì, Kubwa: Yéè! Kí n tó kà á tán, ẹni tó ń kun pátákó ti kọ A. Ó ní kí n fowó ọ̀dà kún un.

Ẹ̀gbọ́n Nyanya: Ọ̀dà lẹ́tà kan ṣoṣo? Kó fi ọ̀dà ara pátákó pa A yẹn rẹ́, kó jẹ́ kó gbẹ, kó wá kọ E lé e. Ẹ má tíì san ìyókù owó ẹ̀.