Àdììtú inú àjà ilẹ̀: báwo ló ṣe yẹ kó le tó?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin eléré géèmù. Irinṣẹ́ ìkọ́lé tó wà nínú Legend of Grimrock, géèmù ọdún 2012 tí àwọn ará Fínlándì ṣe, ni mo fi ń kọ́ àjà ilẹ̀ tèmi. Àwọn ẹ̀dá abàmì inú rẹ̀ kò dà mí láàmú. Àdììtú ni wàhálà.

Ẹ wo yàrá kan: ilẹ̀kùn irin ibẹ̀ kì í ṣí àfi tí nǹkan bá tẹ òkúta méjì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹlẹ́wọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí eléré ń darí nínú géèmù náà kì í pínyà? Nítorí náà, ẹrù lèèyàn máa jù sọdá kòtò kó lè balẹ̀ sórí òkúta kejì. Kíá ni àbúrò mi ṣí i. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ pé géèmù bọ́ọ̀lù nìkan ló mọ̀ yí yàrá náà po títí, ó ní, “Àbí géèmù yìí ti bàjẹ́ ni?” Mo wá kọ atọ́nà sára ògiri, àbúrò mi bá ní mo ti tú gbogbo àṣírí.

Lójú tèmi, bọ́tìnì tó fara pamọ́ tó ń ṣọ́ ìṣúra lè le bó ṣe wù ú. Èyí tó dínà mọ́ èèyàn ńkọ́? Ṣé kí n fi yàrá tó rọrùn ṣáájú rẹ̀, kí wọ́n ti ibẹ̀ mọ̀ pé ẹrù lè tẹ òkúta? Àbí kí n la ọ̀nà mìíràn tó jìn, tí ọ̀tá pọ̀ sí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ irú rẹ̀ rí, èwo ló ṣiṣẹ́ fún yín?