Akọ ló ń gbé ọmọ sẹ́nu: ìrírí àwa tí a ń sin ẹja òkun nílé

Ẹlẹ́ja Houston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń bi mí lábẹ́lẹ̀ pé báwo ni mo ṣe ń rí ọmọ ẹja òkun nínú táǹkì tó wà ní pálọ̀. Mo ní kí n kúkú sọ ọ́ síta, kí ẹlòmíì fi tirẹ̀ kún un.

Banggai ni mo ń sin, ọ̀kan nínú àwọn ẹja òkun tí wọ́n ń pè ní cardinal. Ẹja kékeré ni, àgbà rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ. Ara rẹ̀ ń dán, ilà dúdú mẹ́ta gba ojú àti ara rẹ̀ kọjá, àmì funfun tótòtó sì wà ní apá rẹ̀ títí dé ìrù. Pterapogon kauderni ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Erékùṣù Banggai ní Indonesia ni orírun rẹ̀, kò sí níbòmíì àfi ibi tí èèyàn bá gbé e dé. Láti 1933 ni wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kà á sí títí di 1994 tí Gerald Allen, onímọ̀ ẹja, fi lọ bá a níbẹ̀. Bí ayé ṣe rí àwòrán rẹ̀ báyìí, àwọn oníṣòwò ya bò ó. Nígbà tó fi máa di 2007, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣọ́ àwọn ẹ̀dá tó lè run, ti kà á mọ́ ẹja tí ìparun ń dún mọ́, Amẹ́ríkà náà sì fi í sábẹ́ òfin ààbò tiwọn ní 2016. Ní tèmi o, ẹni tó bá fẹ́ràn ẹja yìí, kó ra èyí tí wọ́n bí nínú táǹkì, tó bá sì lè bí tirẹ̀, kó bí i.

Kì í ṣe ẹja tó le láti bí, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ẹja òkun ló jẹ́ pé ìgbì omi ní í gbé ọmọ wọn lọ. Ọmọ ọ̀hún á kéré débi pé oúnjẹ tó lè gba ẹnu rẹ̀ wọlé ṣòroó rí. Ti Banggai kò rí bẹ́ẹ̀. Bí abo bá ti yé, akọ á gbá gbogbo ẹyin náà sẹ́nu lójú ẹsẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ 20 ni wọ́n máa ń lò kí wọ́n tó pa, wọn á tún lo bí ọjọ́ 10 mìíràn níbẹ̀ títí wọn á fi di ẹja gidi tó mọ ọ̀nà oúnjẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bàbá kò ní í jẹun.

Ẹ má gba ẹni tó bá ní òun kàn lè wojú Banggai kí òun sọ èyí tó jẹ́ akọ gbọ́. Àwọn tó ń tà á pàápàá, méfò ni wọ́n ń mé. Kékeré ni kí ẹ ti ra wọ́n, bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n yan ara wọn. Lọ́jọ́ kan ẹ máa rí i pé méjì ti gba àárín táǹkì, wọ́n ti lé àwọn yòókù sí kọ̀rọ̀, wọ́n sì ń já wọn nírù jẹ. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ kó àwọn yòókù kúrò. Tí ẹ bá ní ó di ọ̀la, òkú lẹ máa kó.

Bí akọ bá ti gbé e sẹ́nu, kò fara sin. Abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ á wú, ẹnu kò ní í pa dé dáadáa. Ẹ ju oúnjẹ sí i, á wò ó, á yíjú. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á ya ẹnu gbàù, á yí ẹyin yẹn po, á tún pa á dé. Ẹyin náà tóbi, nǹkan bíi mìlímítà 3, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti ọsàn tó pọ́n. Nígbà tó bá wá kù díẹ̀ kí wọ́n jáde, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì kékeré wò ó láti iwájú nígbà tó bá yanu: ojú wẹ́wẹ́ ni ẹ máa rí, ojú lórí ojú, gbogbo wọn ń dán, gbogbo wọn ń wò yín láti inú ẹnu bàbá wọn. Ọmọ mi obìnrin kì í fẹ́ kúrò nídìí gíláàsì bó bá di àkókò yẹn.

Ẹyin lè tó 60. Ọmọ tó ń jáde kì í tó bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Peckham

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ ríra yẹn, torí ó dùn mí. Ní ṣọ́ọ̀bù kan níbí ni mo ti ra àwọn àkọ́kọ́ tí mo ní. Mo bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti kó wọn wá, wọ́n ní "láti ọ̀dọ̀ oníbàárà wa". Kò pẹ́ tí wọ́n dé ilé tí àwọ̀ wọn fi ń ṣú, wọn kò jẹun mọ́, ìgbẹ́ wọn funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bó ṣe ń jáde, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lọ títí táǹkì fi dá. Fáírọ́ọ̀sì kan wà tó mọ Banggai lójú, iridovirus ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó láti inú òkun tí wọ́n sì fi pọ̀ sójú kan ló sábà máa ń bá jà, kò sì sí oògùn rẹ̀. Ẹ lè da gbogbo oògùn inú ilé yín sínú omi, òfo ni.

Nísinsìnyí, ẹja tí wọn ò bá lè sọ ibi tí wọ́n ti bí i fún mi, n kì í na owó mi sí i. Táǹkì kékeré ọ̀tọ̀ ni tuntun tí mo bá rà náà sì máa ń kọ́kọ́ gbé, ó kéré tán oṣù kan, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ti tẹ́lẹ̀. Ọkọ mi ní ilé ìwòsàn ẹja ni mo sọ balùwẹ̀ dà.

Ọmọ Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè méjì. Akọ tèmi gbé ẹyin sẹ́nu, kí ó tó di ọ̀sẹ̀ kan, ẹnu ti pa dé, kò sí ẹyin, kò sí ọmọ. Ṣé ó ti jẹ wọ́n ni? Ẹ̀ẹ̀kejì, ọ̀rẹ́ mi kan ní cardinal mìíràn, èyí tí wọ́n ń pè ní pajama, òun náà ní akọ ń gbé ẹyin sẹ́nu ṣùgbọ́n òun kò rí ọmọ rí.

Ẹlẹ́ja Houston

Àbúrò, ó jẹ wọ́n. Ẹ má bínú sí i. Akọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń gbé e mì lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó mọ̀ ọ́n ṣe, èyí tí ebi ti pa tẹ́lẹ̀ náà kò ní í lè fara dà á. Torí náà, kí ẹ bọ́ ọ yó bámúbámú *kí ó tó* gbé ẹyin. Edé tútù, ẹran ẹja gígé wẹ́wẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ẹ má sì ki ọwọ́ bọ inú táǹkì kiri nígbà tó bá wà nípò yẹn. Àwọn kan máa ń fi nẹ́ẹ̀tì gbé e lọ sí táǹkì mìíràn. Bí nẹ́ẹ̀tì bá ti kàn án, á tu gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gbé e, ike ni kí ẹ fi bu òun àti omi pọ̀, kí orí rẹ̀ má yọ síta rárá.

Ti pajama, ọ̀tọ̀ ni. Òótọ́ ni pé akọ ń gbé e sẹ́nu, ṣùgbọ́n kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ọmọ tó máa tú jáde kò tíì di ẹja, ó kàn ń léfòó ni. Oúnjẹ rẹ̀ àfi rotifer, ẹ̀dá inú omi tíntìntín, àti ohun tó kéré jù ú lọ, èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ máa sìn lọ́tọ̀. Kí ọ̀rẹ́ yín kọ́kọ́ fi Banggai kọ́ṣẹ́ ná.

Kí n parí ti oúnjẹ ọmọ, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ọjọ́ tí wọ́n bá jáde ni wọ́n máa jẹ brine shrimp, edé omi iyọ̀ kékeré, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin. Ẹyin rẹ̀ gbígbẹ inú agolo ni à ń rà. Ẹ da díẹ̀ sínú ìgò omi iyọ̀, kí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ máa hó o, kí ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, bó bá di ọjọ́ kejì ẹ máa rí wọn, pupa rẹ́súrẹ́sú, tí wọ́n ń rìn gátagàta. Ó dára fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òun nìkan ni ẹ ń fún wọn, ẹ máa rí nǹkan kan tó ń bani lẹ́rù: ẹ tan iná pálọ̀ lójijì, ọmọ ẹja tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ á gbọ̀n rìrì, á dojú délẹ̀, ó ti kú. Ẹ̀rù ló pa á lójú yín, ṣùgbọ́n ọ̀rá inú oúnjẹ rẹ̀ ni kò tó, irú ọ̀rá omega-3 tó wà nínú ẹja òkun. Wọ́n ń ta òróró rẹ̀. Ẹ kán an sínú omi brine shrimp tó ti pé ọjọ́ kan, kí wọ́n jẹ ẹ́ yó kí ẹ tó kó wọn fún ọmọ ẹja.

Ibi ìsápamọ́ náà ṣe pàtàkì. Nínú òkun wọn, àárín sea urchin, ẹ̀dá òkun roboto ẹlẹ́gùn-ún gígùn, ni àwọn ọmọ yìí máa ń sá sí. Ẹni tí kò bá fẹ́ kó ẹlẹ́gùn-ún wọlé, kó wá kébù táì dúdú (okùn ike tí wọ́n fi ń di wáyà), kó lu ihò sára bọ́ọ̀lù ike, kó ki wọ́n bọ̀ ọ́ títí yóò fi rí wúruwùru. Bí bàbá bá ti tú wọn sílẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni ẹ máa bá gbogbo wọn, tí wọ́n dojú kọ apá kan náà.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, iná yín kì í lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Èkó.

Mo gbìyànjú Banggai. Ọ̀rẹ́ kan ló bá mi gbé méjì bọ̀ láti Dubai, iyọ̀ táǹkì sì wọ́n jojo, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ló lé mi. Ẹ rò ó wò: ẹnu ni ẹja fi ń gba omi sára kó lè mí. Èyí tó bá ti fi ẹyin dí ẹnu, mímí rẹ̀ ti le tẹ́lẹ̀. Ẹ wá mú iná lọ. Pọ́ǹpù dákẹ́, omi ń gbóná, afẹ́fẹ́ inú omi ń tán. Akọ á rò ó títí, á wá tu gbogbo ẹyin náà dànù kó lè gba ara rẹ̀ là. Mo jí láàárọ̀, mo bá ẹyin nílẹ̀ táǹkì, abo dúró tì wọ́n, kò mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ra pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì, irú èyí tó ń tan ara rẹ̀ bí iná bá lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ rà á kí ẹ tó ra ẹja. Ínfátà dára, ṣùgbọ́n ínfátà ilé wa, fíríìjì màmá ló ń gbé.

Kí ẹ tún gbọ́: ẹ má bu omi òkun lẹ́bàá ẹnu ọ̀sà nígbà òjò. Omi odò tó ń ya wọ ọ̀sà á ti là á, iyọ̀ rẹ̀ kò ní í tó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó sàn díẹ̀.

Ibi tí mo wá já sí nìyí. Epìyà inú ọ̀sà wa, èyí tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ dúdú, Sarotherodon melanotheron, akọ rẹ̀ ló ń gbé ẹyin sẹ́nu! Gbogbo èèyàn rò pé abo ni, torí epìyà tí wọ́n ń sìn ní oko ẹja, abo ló ń gbé tiẹ̀. Ti ọ̀sà yàtọ̀. Àwọn apẹja wa mọ̀ ọ́n: bí àwọ̀n bá gbé e sínú ọkọ̀, á pọ ọmọ dà sílẹ̀ pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀. Omi iyọ̀ kò ní í lára, omi aláìníyọ̀ kò ní í lára, ooru kò fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú. Ó le débi pé ibi tí wọ́n bá gbé e dé, wàhálà ló ń dà. Ó ti gba omi ní Florida, Thailand náà sì ń wá bí wọ́n ṣe máa pa á tán. Èmi ń sin ín nínú táǹkì gíláàsì níwájú ìta, àwọn ọmọ àdúgbò ń wá wò ó. Bí akọ bá gbé ẹyin, àgbọ̀n rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ bíi ti ẹni tó gbé obì sẹ́nu. Ọmọ tó ń jáde náà tóbi tó láti jẹ oúnjẹ lílọ̀ kúnná.

Àǹtí Peckham

Hẹn ẹn! Ìyá àgbà mi sọ bẹ́ẹ̀ fún wa nígbà tí a wà ní kékeré, a ní irọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n Houston, ẹ jọ̀ọ́, lẹ́yìn tí bàbá bá ti tú ọmọ sílẹ̀, ṣé kí n fi í sílẹ̀ pẹ̀lú abo? Tèmi ti rù kan eegun.

Ẹlẹ́ja Houston

Ẹ ya wọ́n o, Àǹtí. Abo kò ní í fún un ní ìsinmi. Bó bá ti ní ẹyin, á tún máa gbọ̀n níwájú rẹ̀, akọ náà kò mọ bí a ṣe ń kọ̀. Bí ó bá tún gbé òmíràn láìjẹun kánú, ó lè kú sórí rẹ̀. Ẹ fi pátákó ike oníhò pín táǹkì sí méjì, kí wọ́n ṣì máa rí ara wọn kí ìfẹ́ wọn má bàjẹ́. Ẹ máa bọ́ ọ títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi kún padà, kí ẹ tó yọ pátákó. Àwọn ọmọ ńkọ́, ẹ ti rí mélòó kó?

Àǹtí Peckham

Mo ṣì ń kà wọ́n. Wọn ò jẹ́ kí n kà wọ́n tán.