Làkúrègbé ti fẹ́ gba ayọ̀ lọ́wọ́ ìyá mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú déédéé ìwòyí. Ìjẹ̀bú-Òde la wà. Ó pẹ́ tí làkúrègbé ti ń bá ìyá mi fínra, irú èyí tí ń mú oríkèé ìka wú, tí ọwọ́ kì í ṣeé ká láàárọ̀. Ewùrà tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ ara wọn rin fún ìkọ́kọrẹ́, wọn ò lè dì í mú mọ́.

Ọkàn wọn ló wá ń bà mí lẹ́rù jù. Wọn ò fẹ́ rí èèyàn. Nígbà Ojúde Ọba tó kọjá, aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wọn, ti wà nílẹ̀, wọ́n ní àwọn ò lọ. Bí mo bá jí lóru, màá bá wọn létí ibùsùn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan ra ìka ọwọ́ kejì.

Dókítà ní ìsoríkọ́ àti làkúrègbé máa ń rìn pọ̀: ìrora kì í jẹ́ kéèyàn sùn, àìsàn tó ń mú oríkèé wú sì lè kan ọpọlọ, bí ìsoríkọ́ bá dé, ìrora á tún le sí i. Ó ní ká rí dókítà ọpọlọ. Arò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà l'Ábẹ́òkúta, ni màmá kọ́kọ́ rántí: "Ṣé mo ya wèrè ni?" Ẹ̀gbọ́n mi ní àdúrà ti tó. Èmi náà ń gbàdúrà, àmọ́ mo fẹ́ kí wọ́n gbàtọ́jú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́jú òbí báyìí, báwo lẹ ṣe bá wọn sọ ọ́ tí wọ́n fi gbà? Ṣé ká ní kí dókítà oríkèé fúnra rẹ̀ bá wọn sọ ọ́ ni?