Ọ̀ta ni ó borí, kì í ṣe olóyè: lórí ọ̀rọ̀ inú ìtàn ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì Áfíríkà

Ẹ̀gbọ́n wa tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ṣẹ́ẹ̀sì ní Ìkẹ̀rẹ́-Èkìtì kọ ìtàn kúkúrú kan fún wọn nípa ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì Áfíríkà àti àwọn tí ó ti borí níbẹ̀, ó sì ní kí á bá òun yẹ èdè inú rẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Yorùbá ẹ̀gbọ́n dùn, ìtàn náà sì já gaara, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó ń kọ mí lóminú. Gbogbo ibi tí ẹnìkan bá ti borí ni ẹ̀gbọ́n kọ pé "ó gba oyè," ẹni tí ó borí náà a sì di "olóyè ṣẹ́ẹ̀sì ilẹ̀ Adúláwọ̀." Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, mi kò rò pé oyè ni ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí gbà.

Lọ́dọ̀ tiwa ní Èkìtì, kò sí ẹni tí ó ń jẹ Ewì fún ọdún méjì kí ẹlòmíràn wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápá ìdíje. Ẹni tí a bá fi jẹ Ẹ̀jẹ̀mu, Ẹ̀jẹ̀mu ni títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, àfi bí ó bá hu ìwà tí ìlú torí rẹ̀ rọ̀ ọ́ lóyè. Wàyí o, Ahmed Adly ti Íjíbítì borí ní Lusaka ní 2005. Nígbà tí ó di 2007 ní Windhoek, Robert Gwaze ti Sìmbábúwè ni ó borí. Ta ni ó rọ Adly lóyè? Kò sí ẹni tí ó rọ̀ ọ́. Ìdíje mìíràn ni wọ́n ṣe, ẹlòmíràn ni ó sì mú un. Adly tún padà wá borí ní Maputo ní 2011, ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2019. Bí oyè bá ni, a ó ní láti sọ fún àwọn ọmọ pé ẹnìkan ṣoṣo jẹ oyè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, pé wọ́n sì ń fi ẹlòmíràn jẹ ẹ́ láàárín méjì. Ti Bassem Amin, dókítà oníṣègùn ará Íjíbítì náà, ni ì bá wá ya ni lẹ́nu jù, nítorí pé láàárín 2009 sí 2018 nìkan, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ó borí.

Oyè wà nínú ṣẹ́ẹ̀sì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni ó wà. FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní 1924, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn atayò jẹ oyè tí gbogbo wọn ń pè ní gírándìmásítà ní 1950, àwọn 27 ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi jẹ ẹ́. Lóde òní, ẹni tí ó bá ń wá oyè náà gbọ́dọ̀ dé ipele 2500 nínú ìwọ̀n tí àjọ náà fi ń díwọ̀n agbára atayò, kí ó sì ṣe dáadáa ju bí ó ti yẹ lọ nínú àwọn ìdíje tí ó le, tí wọ́n sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta, tí àròpọ̀ ayò inú wọn kò sì gbọdọ̀ dín ní 27. Bí ó bá ti jẹ ẹ́, ó ti jẹ ẹ́ náà nìyẹn. Bí ó jáwọ́ nínú ayò, bí ó di arúgbó, bí ọmọdé ń nà án lójoojúmọ́, oyè rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Àní wọ́n tilẹ̀ ń rọ olóyè wọn lóyè bí àwa náà ti ń ṣe: ní 2019, wọ́n ká fóònù mọ́ àgbàlagbà atayò kan lọ́wọ́ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà ìdíje kan ní Strasbourg, àjọ náà sì gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Mi kò tíì rí ibi tí "rọ̀ lóyè" ti bá ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó mu tó èyí.

Ẹ jẹ́ kí á fi ènìyàn mẹ́ta dán ọ̀rọ̀ náà wò. Amon Simutowe ti Sáḿbíà di gírándìmásítà ní 2009, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ láti gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà tí ó jẹ ẹ́. Síbẹ̀ kò borí nínú ìdíje Áfíríkà rí. Gwaze borí nínú ìdíje náà ní 2007, síbẹ̀ kò jẹ gírándìmásítà. Oyè tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ó jẹ. Kenny Solomon ti Gúúsù Áfíríkà ní tirẹ̀ borí ní 2014, ìborí yẹn gan-an ni ó sì sọ ọ́ di gírándìmásítà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí ẹ̀gbọ́n kọ: "Gwaze gba oyè ní Windhoek ní 2007," lẹ́yìn náà, "Solomon gba oyè ní Windhoek ní 2014." Ìlú kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Ọmọ tí ó bá kà á ní Ìkẹ̀rẹ́ yóò rò pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì gbé lọ sílé, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan gba ipò kìíní, èkejì gba ipò kìíní ó tún jẹ oyè lé e. Simutowe, tí oyè tirẹ̀ jẹ́ oyè ní tòótọ́, kò sì rí ààyè kankan nínú ìtàn náà, nítorí pé a ti ná ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ sí i tán lórí àwọn ẹlòmíràn.

Ohun tí mo fẹ́ kí á máa pe ẹni tí ó borí ni ọ̀ta. Kì í ṣe èmi ni mo dá a. Ìdí ọpọ́n ayò ni ó ti wá. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá kan ní Ìjigbò ní Adó. Ọpọ́n ayò wà níwájú bàbá, pátákó ṣẹ́ẹ̀sì ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìdérí ìgò mínírà méjì ni wọ́n sì fi dípò ọmọ ayò méjì tí ó ti sọnù. Ẹnìkan yà wọlé, ó ní, "Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ̀ o." Bàbá, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ọmọ mẹ́fà, kò gbé ojú sókè, ó ní, "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ̀ ò gbọdọ̀ fọhùn." Aládùúgbò tí wọ́n jọ ń ta á panu mọ́. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ó tó ṣú, aládùúgbò náà ti borí lẹ́ẹ̀mejì léraléra, nígbà tí ẹlòmíràn sì wọlé tí ó kí wọn, òun ni ó dáhùn. Bàbá ń ṣa ọmọ ayò sínú ilé kò sì sọ nǹkankan. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín Adly àti Gwaze gan-an nìyẹn. Ọ̀ta kì í jẹ́ ọ̀ta lójú gbogbo ènìyàn títí láé. Ọ̀ta ni lórí ayò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta tán, òun ni ó sì ni ẹnu láti dáhùn títí di ìgbà tí wọ́n bá tún ta òmíràn.

Àbúrò wa tí ó ń ṣiṣẹ́ rédíò ti kọ̀wé pé òun kò fara mọ́ ọ̀ta. Ó ní bí àwọn oníwèé ìròyìn bá yọ àmì ohùn kúrò bí ìṣe wọn, "ọta Afirika" lè di ọ̀tá Áfíríkà, ó sì tún lè di ọta ìbọn. Òótọ́ ni, mo sì rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Ṣùgbọ́n rédíò ni àbúrò ń ṣe, etí ni àwọn ènìyàn fi ń gbọ́ tirẹ̀, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ ọ̀ta tí yóò pè é ní ọ̀tá. Fún àwọn tí ó ń tẹ̀wé, kí wọ́n kọ "ọ̀ta ayò" ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bá jáde. Ayò yóò tọ́ka sí ohun tí a ń sọ, bí àmì tilẹ̀ sọnù. Ẹni tí ó mú un ní ìdíje tí ó kọjá, tí ó tún padà wá láti gbèjà ipò rẹ̀, "ọ̀ta àná" ni mo ń pè é.

Fún gírándìmásítà, mo gbà pé àgbà-ọ̀jẹ̀ ni kí á lò, kí oyè ìsàlẹ̀ rẹ̀, irú èyí tí Gwaze jẹ, sì máa jẹ́ ọ̀jẹ̀ àgbáyé. Bàbá kan tí ó jẹ́ àlùfáà ìjọ bi mí bóyá mo fẹ́ mú àwọn ọmọ wọ awo egúngún ni. Rárá o. A ti ń pe onílù, olórin àti eléré orí ìtàgé ní àgbà-ọ̀jẹ̀ tipẹ́ láìsí ẹni tí ó rántí eégún, mo sì rántí pé bàbá náà lo ọ̀rọ̀ yìí fún olùdarí akọrin ìjọ wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ rántí eégún, kò ba nǹkankan jẹ́: ọ̀jẹ̀ kò gba ipò rẹ̀ ní ọjọ́ kan lójú agbo, a máa ń mú un wọ̀ ọ́ ni, kì í sì í jáde mọ́.

Ọ̀rọ̀ Adúláwọ̀ kò ní gba àkókò. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ dú. Ẹni tí ó kọ́kọ́ borí ní Cairo ní 1998 ni Ibrahim Hasan Labib ti Íjíbítì. Mohamed Tissir àti Hichem Hamdouchi, ará Mòrókò méjèèjì, ni ó tẹ̀lé e ní 1999 àti 2001. Nígbà tí ìdíje náà wá sí ilé wa ní Abuja ní 2003, Essam El-Gindy ti Íjíbítì ni ó gbé e lọ. Láti 1998 títí di 2019, Gwaze àti Solomon nìkan ni ó wá láti gúúsù Sàhárà nínú gbogbo àwọn tí ó borí. Bí a bá wá ń pe irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ní ti Adúláwọ̀, ọmọ tí ó bá rí àwòrán àwọn ọ̀ta náà yóò bi tíṣà rẹ̀ ní ìbéèrè, ìbéèrè rẹ̀ yóò sì tọ́. Kí á kúkú kọ Áfíríkà.

Mo fara mọ́ "ọ̀mì" tí ẹ̀gbọ́n lò, ìdí ọpọ́n ni òun náà ti wá, ó sì mú kí gbólóhùn rẹ̀ kan dùn gidigidi, èyí tí ó kọ nípa Gwaze níbi Òlíńpíádì ṣẹ́ẹ̀sì, ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè, ní Bled ní 2002, pé ó ta ayò mẹ́sàn-án ní tábìlì kìíní Sìmbábúwè, "kò sí ọ̀mì, kò sí pé wọ́n nà án." Kí ẹ̀gbọ́n má fọwọ́ kan ibẹ̀.

Ibi tí mo há sí ni ti àwọn obìnrin. Tuduetso Sabure ti Bòtìswánà borí láàárín àwọn obìnrin ní 2005, ó sì ti ibẹ̀ jẹ oyè gírándìmásítà ti obìnrin. Bí a bá kọ "àgbà-ọ̀jẹ̀ obìnrin," a kò ní lè ya oyè náà sọ́tọ̀ kúrò lára ti Judit Polgár ará Húńgárì, tí ó jẹ́ obìnrin, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé oyè kan náà tí àwọn ọkùnrin ń jẹ ni ó jẹ ní 1991, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 15. Ohun tí mo fi gègé kọ sí etí ìwé ẹ̀gbọ́n fún ìgbà yìí ni "àgbà-ọ̀jẹ̀ ní ẹ̀ka àwọn obìnrin." Ó gùn, mo mọ̀. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó kúrú jù ú lọ, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì ó tó pé, nítorí pé ọjọ́ Ajé ni ẹ̀gbọ́n máa gbé ìwé náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́.