Eré orí fóònù ń ta kíláàsì mi jí, àmọ́ àwọn mẹ́ta kan náà ló ń borí

TíṣàÌṣirò_Iléṣà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. JSS 2 ni mo ń kọ́ ní ìṣirò, nítòsí ọjà Àtàkúnmọ́sà. Lẹ́yìn bíréèkì, oòrùn á mú, oorun á sì kó wọn lọ. Látìgbà tí mo ti ń fi Kahoot, eré ìbéèrè orí fóònù tó ń ka àkókò, ṣe àtúnyẹ̀wò, ojú wọn ń dá ṣáká. Fóònù méje táwa olùkọ́ kó jọ ni ọmọ méjìlélógójì ń pín lò, dátà tèmi sì ni.

Ọmọbìnrin kan máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní kí wọ́n wá ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin 60. Ó ti fi bírò kọ 45 sí àtẹ́lẹwọ́. Kí ìka rẹ̀ tó kan fóònù, àkókò ti tán. Ó mọ̀ ọ́n o! Lọ́jọ́ kejì, kò dá sí eré náà mọ́. Ó dùn mí wọra. Kí ni kí n ṣe?

ÌyáÌbejì_Làgéré
Ẹ pẹ̀lẹ́, tíṣà. Ẹ lè fi tó ìṣẹ́jú 4 sí ìbéèrè kan, ẹ sì lè yọ máàkì kúrò pátápátá. Ẹ yan Team mode, ìyẹn eré ẹlẹ́gbẹ́-jẹgbẹ́, ọmọ mẹ́fà sí fóònù kan. Òfin tèmi ni pé ẹni tó di fóònù mú kò gbọdọ̀ dáhùn. Ẹni tó bá dáhùn gbọ́dọ̀ ṣàlàyé bó ṣe rí i.

BàbáTíṣà_Mòdákẹ́kẹ́
Ẹ̀yin ọmọ mi, èdè wo lẹ fi ń kọ ìbéèrè? Ọmọ tó ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́kàn kó tó ṣírò, àkókò á tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa ní Mòdákẹ́kẹ́ níbí, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fọ́dún mẹ́fà, tòun ti ìṣirò. Ẹ tún gbé ọpọ́n ayò wá: ilé 12, ọmọ 48, kò jẹ dátà. Kí ọmọ kọ́kọ́ sọ ilé tí ọmọ ayò tó kẹ́yìn máa bọ́ sí, kó tó fọwọ́ kàn án.

TíṣàÌṣirò_Iléṣà
Ẹ ṣeun, Bàbá. Gẹ̀ẹ́sì ni o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Yorùbá tún ìbéèrè mẹ́wàá kọ ni, mo fi ìṣẹ́jú méjì-méjì sí wọn. Ọmọ ẹ̀bá fèrèsé ni yóò ṣàlàyé fún ẹgbẹ́ tiẹ̀ lọ́la. Ọpọ́n kan wà nílé, ọmọ ayò mẹ́ta ló ti sọnù níbẹ̀. Màá ṣa òkúta dí i.