Àwòrán Àsíá ni, àbí Àsíá tí a Kùn? Èsì sí Àbá "Àwòrán Àfòyemọ̀"

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú làálàá èdè. Mo ti ka àbá yín pé kí a máa pe àwòrán tí kò ya ènìyàn, ẹranko tàbí igi, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní abstract art, ní "àwòrán àfòyemọ̀", àti pé kí àkòrí iṣẹ́ tí ẹ ń túmọ̀ lọ́wọ́, èyí tó dá lórí àwọn ayàwòrán tó ń ti ara àsíá wádìí ohun tó ń jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè, máa jẹ́ "Àwòrán Àfòyemọ̀ Àsíá àti Ìdánimọ̀ Orílẹ̀-èdè". N kò bá yín jiyàn lórí "àsíá". Òórùn ogun ṣì wà lára "ọ̀págun" tí àwọn kan dábàá, inú Bíbélì àtijọ́ ló sì ti dára jù. "Àfòyemọ̀" ni mo fẹ́ kí a tún gbé yẹ̀ wò.

Inú gírámà ni a ti mú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ pé ìfẹ́, ọgbọ́n àti ìrẹ̀lẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ àfòyemọ̀ nítorí pé ojú kò rí wọn, ọwọ́ kò sì lè tọ́ wọn. Àwòrán tí à ń sọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀dà ni, ara aṣọ tàbí pákó ló wà, ojú sì ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà fún. Bí a bá pè é ní àfòyemọ̀, ńṣe ni a ń sọ fún òǹwòran pé kí ó fi ohun tó wà níwájú rẹ̀ sílẹ̀, kí ó máa wá àlọ́ tí ayàwòrán fi pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an nìyẹn: wọ́n á wá àlọ́ náà títí, wọn ò ní rí i, wọ́n á sì gbà pé àwọn kò kàwé tó.

Ẹnì kan nínú wa dábàá "àwòrán àìfarajọ". Mo kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀, àsíá ló bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ní ọdún 1954, Jasper Johns, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, lá àlá pé òun ń ya àsíá orílẹ̀-èdè òun, kò sì pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yà á lójú ayé. Iṣẹ́ náà wà ní Museum of Modern Art ní New York. Ìràwọ̀ 48 tí àsíá Amẹ́ríkà ní nígbà náà pé, ìlà 13 náà pé. Ta ni yóò pe èyí ní àìfarajọ? Ṣùgbọ́n ẹ sún mọ́ ọn. Ìda oyin tó yọ́ ni ó po mọ́ àwọ̀. Ó rẹ abala ìwé ìròyìn sínú rẹ̀, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ aṣọ, ìda náà sì tètè ń gan débi pé ipa ọwọ́ rẹ̀ ṣì hàn gedegbe, tí lẹ́tà ìwé ìròyìn ń yọjú lábẹ́ pupa àti funfun bí ẹni tó fara pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń béèrè pé ṣé àsíá ni àbí àwòrán.

Ọmọ mi obìnrin ló là mí lójú lórí èyí. Olùkọ́ rẹ̀ ní kí wọ́n ya àsíá Nàìjíríà wá. Ó fa ìlà méjì sórí pépà, ó fi kírẹ́yọ́ọ̀nù aláwọ̀ ewé kun ọ̀tún àti òsì, ó ní òun ti parí. Mo ní funfun àárín ńkọ́? Ó wò mí bí ẹni tí nǹkan kò yé: "Dádì, ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀." Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó sì ń fì í káàkiri àgbàlá. Àwòrán ẹṣin kò ṣeé gùn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti so àwòrán àsíá mọ́ igi, ó di àsíá.

Ìdí ni pé àsíá fúnra rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ohun tí kò jọ nǹkan kan láyé. Nígbà tí Táíwò Akínkúnmi, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, ya àsíá wa ní 1959 níbi tó ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fi oòrùn pupa tó ń tan ìtànṣán sínú funfun àárín. Àwọn tó ṣèdájọ́ ìdíje àsíá náà yọ oòrùn náà kúrò, èyí tó kù ni a gbé sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Oòrùn yẹn nìkan ni ohun tó jọ nǹkan lára rẹ̀.

Yíyọ yìí ni mo rò pé ó yẹ kí orúkọ náà dúró lé. "Àyọrísí" ni mo kọ́kọ́ rò, pé a yọ ìrísí kúrò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Nítorí náà àbá mi ni "àwòrán àyọkù", bí a ti ní àjẹkù, àlòkù àti àṣẹ́kù. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò rẹ́rìn-ín pé a ń jẹ àjẹkù, a ń wọ àlòkù, a tún fẹ́ máa wo àyọkù. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀gàn nínú "ìyókù", agbẹ́gilére sì mọ̀ pé ohun tí òun bá yọ kúrò lára igi ló ń jẹ́ kí ère jáde. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àmì sórí "yọ" náà, kí ó má baà di "àyọ́kù", bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn náà bá ìda Johns mu.) Iṣẹ́ tí Johns pè ní White Flag, ní 1955, bá orúkọ yìí mu wẹ́kú: ó yọ pupa àti aró kúrò, ìràwọ̀ àti ìlà ṣì wà níbẹ̀ nínú funfun, bí ojú àpá tó ti jinná.

Ní ti "ìdánimọ̀", ohun tí a fi ń dá ènìyàn mọ̀ láti òde ni, bí ilà ojú. Àsíá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ayàwòrán wọ̀nyí ń béèrè ni irú ẹni tí a jẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ìjọba orílẹ̀-èdè Benin pa àsíá rẹ̀ dà sí aláwọ̀ ewé oníràwọ̀ pupa ní 1975, wọ́n tún dá ti àtẹ̀yìnwá padà ní 1990. Ìdánimọ̀ àwọn ará Kétu àti Pọ́bẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀mejì. Yorùbá tí wọ́n ń sọ nílé kò mọ̀ sí i. Èmi yóò kọ "Àsíá Àyọkù àti Irú Ẹni tí A Jẹ́".

Ibì kan wà tí àyọkù kò ti gbé e. Ní 1990, David Hammons, oníṣẹ́ ọnà adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, fi pupa, dúdú àti àwọ̀ ewé, àwọ̀ tí ẹgbẹ́ Marcus Garvey, ajìjàgbara àwọn adúláwọ̀, yàn ní 1920, dípò àwọ̀ àsíá Amẹ́ríkà. Kò yọ ohunkóhun, ó pààrọ̀ ni. Kò sì kùn ún, aṣọ rírán ni. Bí ó bá wà nínú iṣẹ́ tí ẹ ń túmọ̀, ẹ̀gbọ́n, kí ni ẹ óò pè é?